Ọjọ́ Tí Akọrin Wa Kígbe ní Bẹ́yẹrúnká

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé bí fóònù mi bá dún ní àárọ̀ Sátidé, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó wo ẹni tó ń pè. Sátidé ni ọjọ́ ìdánrawò wa, akọrin wa ló sì sábà máa ń pè láti sọ pé òun ò ní lè wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mò ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bẹẹrẹ, ṣùgbọ́n mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé torí gìtá ni Ọlọ́run ṣe dá mi. Àwa mẹ́ta la da ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan sílẹ̀. Èmi ni mò ń ta gìtá. Onílù wa jẹ́ ọmọ Òkè-Àdó, bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti kọ́ ìlù. Ẹnì kẹta ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní béèsì. Ilé ìyá rẹ̀ àgbà ní Bẹ́yẹrúnká la ti ń ṣe ìdánrawò, nínú yàrá ìsàlẹ̀ kan tí wọ́n ń kó pákó sí tẹ́lẹ̀.

A ti búra pé a ò ní kọ orin olórin. Tiwa la fẹ́ kọ, ní Yorùbá, pẹ̀lú gìtá tó ń han bí ayùn àti ìlù tó ń dún bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Àwọn ènìyàn ń bi wá léèrè pé ta ni yóò jókòó gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Ìyẹn ò dẹ́rù bà wá. Akọrin ló ń dẹ́rù bà wá. Èyí tí a kọ́kọ́ rí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ibi ìgbéyàwó ló ti ń jẹun. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ní kí a má bínú, pé orin wa ń ha òun lọ́fun. Èkejì jẹ́ ọmọ yunifásítì. Bó bá ní òun ti dé Mọ́kọ́lá, ẹ yáa mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ṣì wà. Ọjọ́ kan a retí rẹ̀ títí, a ò rí i. Ọ̀sẹ̀ kejì ni onílù fi àwòrán kan hàn wá lórí fóònù: akọrin wa rèé nínú ẹ̀wù òtútù ńlá, láàárín yìnyín, ní ìlú òyìnbó. Mo wo àwòrán náà pẹ́. Mò ń wá ibi tí ojú ti tì í nínú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àìsá ti di àìsàn sí mi lára. Mo kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa: ẸNI TÓ BÁ MỌ̀ PÉ ÒUN Á SÁ, KÓ MÁ WỌLÉ. Oníbéèsì wa rẹ́rìn-ín, ó ní ó dà bí ìkìlọ̀ ajá. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Orin kan wà tí mo kọ, tí mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ awakọ̀, ọ̀nà Ìlọrin ló kú sí. Ọjọ́ tí ìròyìn dé, màámi ń sá aṣọ lágbàlá. Igbe kan ṣoṣo ni wọ́n ké, aṣọ inú ọwọ́ wọn sì já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo dúró sí, mi ò lè gbésẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó lè fi í kọrin, igbe náà ló sì wà láàárín orin náà. Àwọn akọrin méjèèjì tí a ní, wọ́n ń fi ohùn dídùn ké e. Bí wọ́n bá ké e tán, inú á máa bí mi, mi ò sì ní lè ṣàlàyé.

Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ariwo wa pọ̀, ọgbọ́n tí mo dá ni pé kí a dí gbogbo ojú fèrèsé. Lílọ bá wọn sọ̀rọ̀ ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. A fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ bo ògiri, mo sì gba Gbági lọ láti ra aṣọ tó nípọn tí a óò ta bo fèrèsé. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ pa aṣọ wò ni mo ti gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi.

"Alábàárù! Ọ̀tún ni mo ní o yà! Padà!"

Ọmọbìnrin kan ló dúró sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ọjà kún fọ́fọ́, jẹnẹrétọ̀ ń kùn lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ ohùn náà la gbogbo rẹ̀ já, alábàárù tó ti jìnnà réré sì dúró gbagidi pẹ̀lú ẹrù lórí. Ohùn náà ròkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń fà ya díẹ̀, bí aṣọ tí ìṣó kọ́.

Mo bi í pé ṣé ó máa ń kọrin. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, yáàdì mélòó lẹ fẹ́?"

Mo ní mẹ́jọ. Ó ń wọn aṣọ, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè láìgbójú sókè pé, "Irú orin wo?"

"Rọ́ọ̀kì."

"Èyí tí wọ́n máa ń pariwo nínú ẹ̀? Mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù tí màámi ò bá sí nílé."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màámi tó wí yẹn ni Alhaja tó ni ṣọ́ọ̀bù, opó kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọbìnrin náà nìkan ni ọmọ tó bí. Iléekéwú ló ti kọ́kọ́ kọrin, níbi tí ó ti máa ń léwájú àwọn ọmọ yòókù tí wọ́n bá ń ṣe wòlímọ̀, ayẹyẹ àwọn tó ti ka Kùránì parí. Kí n tó kúrò, mo bi í bí mo ti máa ń bi gbogbo wọn: "Ṣé o ò ní já wa sílẹ̀?"

Ó ká aṣọ náà sínú ọ̀rá, ó nà án sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ṣé ẹ ò ní já èmi náà sílẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí ọmọdé bá béèrè ohun tí kò yé e.

Ọ̀sán Sátidé ló wá, ó wọ ìjáàbù aláwọ̀ ewé. Ó ka ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ orin náà, mo ní orin ìyá kan ni, tí ọmọ rẹ̀ lọ ìrìnàjò tí kò dé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá ta ni?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní, "Màámi."

Ó mi orí. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Bó ṣe kọ ọ́ rèé: ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀, *Ọ̀nà, mo fi ọmọ rán ọ, èsì dà?* Nígbà tó dé ibi igbe, ó dijú, ó sì ké e. Ọwọ́ mi kúrò lára gìtá. Àgbàlá wa ni mo rí, àti aṣọ nínú ẹrẹ̀. Onílù ń wò mí, ó ní, "Kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan kan, kí a tún un ṣe.

Kò pẹ́ sí i ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wa ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, torí náà gìtá méjèèjì dákẹ́. Ẹni tó lọ́gbọ́n ìbá ní kí a lọ sílé. Èmi ní kó máa ké igbe náà lásán, láìsí gìtá, láìsí ìlù, kí ó lè bọ́ sí ibi tí mo fẹ́ gan-an. Ó ké e lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò rántí pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ń jà ràn-ìn láti Ọjà'ba dé Mápó pé wọ́n ń wá ọmọbìnrin kan tí kò délé. Mi ò sì rò ó wò bí yàrá wa ti rí lójú ẹni tó wà níta: àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń gbé àpò dúdú wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n dí gbogbo fèrèsé, àti ọmọbìnrin tó ń fi gbogbo ara ké nínú rẹ̀.

Gbà! Gbà! Gbà! Ilẹ̀kùn mì tìtì.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Ẹsẹ̀ tó ń dún níta kì í ṣe ti ẹni mẹ́wàá. Oníbéèsì ta gìrì, ó ní ilé ìyá àgbà òun nìyí, kí wọ́n rọra. Wọn ò gbọ́ ọ. Ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Mo wá gbọ́ ohùn mìíràn, ohùn tó tutù, tí kò yára rárá: "Ẹ lọ gbé táyà wá."

Ẹ̀rù ti bà mí rí láyé mi, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Etí mi ń hó. Mi ò pinnu nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi kí ọkàn mi tó mọ̀. Abẹ́ ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ni mo gbà kọjá. Mo fa aṣọ Gbági ya, mo wọ́ fóòmù dànù, mo sì gba ojú fèrèsé ẹ̀yìn bọ́ síta.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ dúró!" Ohùn akọrin wa nìyẹn.

Mo gbọ́ ọ. Mo sá lọ.

Mo gba àlàfo ilé méjì, mo já sí ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀ Mápó. Ibi tí mo kọ́kọ́ rí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí ni ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí kan. Mo wọlé, mo jókòó sórí àga, mo ní, "Ẹ bá mi gẹ orí." Bàbá àgbàlagbà ni. Ó so aṣọ funfun mọ́ mi lọ́rùn, ó tan ẹ̀rọ oníbátìrì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Mo ń wo ara mi nínú dígí, òógùn ń ṣàn lójú mi bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ariwo yẹn?" ni onígẹ̀rígẹ̀rí wí. "Wọ́n ní wọ́n ti mú àwọn tó ń fi ènìyàn ṣe oògùn owó."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo dá a lóhùn.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pa wọ́n dànù."

Mo jókòó, mo fi orí sílẹ̀ fún un. Bí wọ́n bá ní kí n ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́jọ́ kan, kì í ṣe sísá yẹn ni n ó kọ́kọ́ kà, "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ni.

Ibẹ̀ ni mo wà tí igbe náà fi tún dún, tó gba orí àwọn páànù wá bá mi. Mo rò pé wọ́n ń pa á ni. N kò mọ̀ títí dòní bóyá ọkàn akin ló gbé mi dìde tàbí ìtìjú. Onígẹ̀rígẹ̀rí ń pè mí pé apá òsì kù, ṣùgbọ́n mo ti wà lójú títì, pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ́rùn mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, ìgbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Akọrin wa fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Èmi lẹ gbọ́. Orin ni mò ń kọ." Ọkùnrin kan ní wọ́n ti fi oògùn dè é lọ́kàn, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́. Wọ́n fa oníbéèsì jáde, wọ́n lù ú, wọ́n fa ẹ̀wù rẹ̀ ya. Onílù dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. Nígbà náà ni Mọ́gàjí agboolé tó wà lódìkejì yọ, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn ènìyàn yà fún un. Ó ní, "Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Bó bá jẹ́ orin ni, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ ká gbọ́."

Ìgbà tí mo dé, ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìjáàbù rẹ̀ mú, ó sì ń kọ orin màámi fún àwọn tó gbé pákó àti irin dání. Táyà kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgọ́tà. Ó béèrè ọmọ lọ́wọ́ ọ̀nà, ó béèrè lọ́wọ́ awakọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ òjò. Nígbà tó tún ké igbe náà, obìnrin kan tó pọn ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wo pákó ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ bó ṣe débẹ̀, ó sì rọra gbé e ti ògiri.

Ẹnì kan rí mi. "Ìwọ tún ńkọ́?" Ó fi aṣọ ọrùn mi fà mí mọ́ra.

Mo ní, "Èmi ni mo kọ orin náà. Èmi ni mo ní kó ké."

Wọ́n wò mí: orí apá kan dán, apá kejì kún fún irun. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọmọge kan, lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí ara tù pé àwọn ò pa ènìyàn. Mọ́gàjí ò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà fi ọ̀pá kàn mí láyà. "Ìwọ ọmọ yìí, o wà ládùúgbò wa fún odidi ọdún kan, o ò wá kí wa. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́?"

Lẹ́yìn tí wọ́n túká, ẹnì kan fún akọrin wa ní omi inú ọ̀rá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi náà tú sí i láyà kí ó tó rí i mu. Mo ti rò pé ẹ̀rù ò bà á ni. Ó wo fèrèsé tí mo gbà sá.

"Aṣọ tẹ́ ẹ rà ti ya," ló wí.

Ọjọ́ kejì ni Alhaja ránṣẹ́ pè wá sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo ti fá apá tó kù, orí mi ń dán. Ní tòótọ́, ẹ̀rù Alhaja bà mí ju ti àwọn oníkùmọ̀ lọ, torí pé mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ wọn, kò sí fèrèsé tí n ó gbà. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn ò ní kí a dìde. Ọmọ wọn jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń wo ilẹ̀.

"Èwo nínú yín ló gba ojú fèrèsé?"

"Èmi ni, mà."

"Ó ní òun pè ọ́. Ṣé o gbọ́?"

Ní ọ̀nà ni oníbéèsì ti kọ́ mi pé kí n ní mi ò gbọ́. Ariwo pọ̀ lóòótọ́, ta ni yóò já mi nírọ́? Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀. "Mo gbọ́, mà."

Tẹ̀sùbáà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ń retí èpè.

"Òun nìkan ni mo bí," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìgbà tí wọ́n sáré wá sọ fún mi lọ́jà pé wọ́n ń lu ọmọ mi pa ní Bẹ́yẹrúnká, mi ò rántí wọ bàtà." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "O ti rí wọn. Ṣé o ṣì fẹ́ bá wọn kọrin?"

"Màámi, mo fẹ́."

"Pẹ̀lú eléyìí tó sá yìí?"

Ó kọ́kọ́ wò mí. "Ó sá lóòótọ́. Ó sì padà."

Alhaja mí kanlẹ̀. Wọ́n ní kí a dìde. Wọ́n ní kí a lọ kí Mọ́gàjí àti gbogbo agboolé tó yí wa ká, kí a tú gbogbo aṣọ àti fóòmù tó wà lójú fèrèsé, kí ẹni tó bá fẹ́ yọjú wò wá lè yọjú. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí yín," ni wọ́n wí. "Ẹ̀rù òkùnkùn ló ń ba ènìyàn." Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá tún fi ọmọ àwọn sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ni yóò wá mi kàn.

A ṣe gbogbo ohun tí wọ́n wí. Ọdún kẹjọ rèé. Akọrin wa ti lọ́kọ, ó ti bímọ méjì, Alhaja ló máa ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ ní Sátidé. Òjò ò dá a dúró rí, oyún ò dá a dúró. Ìgbà tí òkìkí wa kan díẹ̀, tí àwọn tó ń gbé orin jáde ní Èkó fẹ́ mú un lọ lóun nìkan, ó sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń sọ oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀, ó sì ní kí a mú gìtá. Màámi ti gbọ́ orin náà. Àárín àwọn obìnrin ni wọ́n jókòó sí, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn bi mí nígbà tó parí pé ta ló sọ fún ọmọ yẹn bí àwọn ṣe ké.

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi báyìí pé, báwo la ṣe ń rí akọrin tí kò ní sá? Mo máa ń fẹ́ sọ ohun ọlọ́gbọ́n kan fún wọn. N kì í rí i sọ. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìgbà tí mò ń yẹ àwọn ẹlòmíràn wò, mi ò yẹ ara mi wò rí. Ojo tí mo jẹ́ nígbà náà ò kú. Ó ṣì wà nínú mi. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn nígbà tí a bá ń kọrin lọ́wọ́, ì báà ṣe ọmọdé tó wá gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, ojú mi ṣì máa ń kọ́kọ́ wá fèrèsé. Ṣùgbọ́n mo ti gbé àga mi kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó sí. Bí wọ́n bá kàn án, èmi ni mo ń dìde lọ ṣí i.